Láti Ọwọ́ Dé Ọwọ́: Bí Ìwé Tí Kò Sí Lọ́jà Ṣe Rìn Yí Ayé Ká

Ní ọdún 1922, Aleksandr Voronsky, aṣelámèyítọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, kọ àròkọ nípa òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Yevgeny Zamyatin. Ó gbé àwọn iṣẹ́ ọkùnrin náà yẹ̀ wò, títí tó fi kan ìwé ìtàn àròsọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Inú Voronsky ò dùn sí ìwé náà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣàjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìwé tó ń bẹnu àtẹ́ lù yẹn, kò tíì jáde. Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ní ilé ìkàwé. Ẹni tó bá ka àròkọ yẹn, tó wá ní kóun lọ ra ìwé náà kóun fojú ara òun rí i, ọwọ́ òfo ló máa bá padà sílé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1924, aṣelámèyítọ́ míì, Yury Tynyanov, tún sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan náà. Síbẹ̀, ìwé ò jáde.

Báwo wá ni wọ́n ṣe kà á? Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni. Zamyatin ní ìwé àfọwọ́kọ lọ́wọ́, ó ń yá àwọn tó fọkàn tán, àwọn náà ń kà á, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Òun fúnra rẹ̀ tún máa ń kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ìwé tí kò sí lọ́jà ṣe di ohun tí gbogbo àwọn tó mọ̀wé ń jiyàn lé lórí.

Orúkọ tó fún ìwé náà ní èdè Rọ́ṣíà túmọ̀ sí "Àwa", bẹ́ẹ̀ náà la ó sì máa pè é níbí. Nǹkan bíi ọdún 67 ló kọjá láàárín ìgbà tó kọ ọ́ tán, ní 1921, àti ìgbà tí ọmọ Rọ́ṣíà lè rà á ní gbangba nílùú ara rẹ̀, ní 1988. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó dé New York, ó dé Prague, ó dé Paris, ó dé London, ó sì wà lára ohun tó ran òǹkọ̀wé mìíràn lọ́wọ́ láti kọ ìwé tí gbogbo ayé mọ̀. Kò sí ìjọba tó rán an níṣẹ́. Àwọn tó kà á ló ń gbé e rìn. Ìtàn àwọn tó gbé e rìn yẹn, àti ohun tó ná wọn, la fẹ́ sọ.

Ìlú onígíláàsì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Zamyatin kì í ṣe òǹkọ̀wé nìkan, ẹnjiníà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1916, wọ́n rán an lọ sí Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bójú tó bí wọ́n ṣe ń kan àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fọ́ yìnyín fún Rọ́ṣíà. Kì í tún ṣe ọ̀tá àwọn tó gbàjọba ní 1917. Nígbà tó wà nílé ìwé gíga, ọmọ ẹgbẹ́ Bolshevik lòun náà, ìjọba ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà sì tìtorí ẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n. Ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló gorí oyè. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1922, àwọn náà tì í mọ́lé, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n sì tì í mọ́ ni èyí tí ìjọba ọba ti tì í mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìjọba yí padà, àgádágodo ò yí padà.

Ìwé tó kọ yìí mú wa lọ sí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún níwájú, sí ìlú kan tó ń jẹ́ Ìjọba Kan Ṣoṣo. Gíláàsì ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀, kí aládùúgbò lè máa wo aládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ ta kọ́tìnì gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó ní orúkọ, nọ́ńbà ni kálukú ń jẹ́. Agogo kan náà ni gbogbo wọn ń jí, agogo kan náà ni wọ́n ń jẹun, iye ìgbà tí wọ́n ń rún òkèlè kan kí wọ́n tó gbé e mì gan-an, òfin ló ń sọ ọ́. Kì í ṣe "èmi" ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. "Àwa" ni.

D-503 ni nọ́ńbà ẹni tó ń sọ ìtàn náà. Ẹnjiníà lòun náà, ọkọ̀ tó máa fò lọ sí ojú ọ̀run ló ń kàn. Ó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀ ní apá 40, fún àwọn tí kò mọ̀ rí tí wọ́n máa kà á lọ́jọ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń yin ìjọba. Ìgbà tó pàdé obìnrin kan, I-330, tó sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni nǹkan dàrú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrònú tirẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ náà ló sì kó bá a, torí ẹnì kan tó sún mọ́ ọn ka ohun tó kọ, ó sì lọ tú àṣírí. Níkẹyìn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un, wọ́n yọ ìrònú kúrò lórí rẹ̀ bí ìgbà téèyàn yọ eyín.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀, tó ń mú wa lọ sí ọjọ́ iwájú tó burú kó lè fi ohun tó ń hù lónìí hàn wá, ni Òyìnbó ń pè ní dystopia. Tí wọ́n bá ní ká sọ ọ́ ní Yorùbá, ìtàn ayé àkámọ́ la máa pè é.

Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó jìyà rẹ̀

Ìjọba ò gbà kí wọ́n tẹ "Àwa" ní Rọ́ṣíà. Ìwé náà bá gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ní 1924, ilé iṣẹ́ Dutton ní New York tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Gregory Zilboorg ló túmọ̀ rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ará Amẹ́ríkà lè rà á, ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ ọ́ ò lè rà á. Ní 1927, ó jáde ní èdè Czech. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ọmọ Rọ́ṣíà tó wà lẹ́yìn odi ní Prague tẹ apá kan rẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà nínú ìwé àtìgbàdégbà wọn, Volya Rossii. Olóòtú ibẹ̀, Marc Slonim, mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀ fún Zamyatin. Ó dọ́gbọ́n kan. Ó yí àwọn gbólóhùn kan padà, ó sì ní láti inú èdè Czech làwọn ti túmọ̀ rẹ̀ padà sí Rọ́ṣíà, kó má bàa dà bíi pé òǹkọ̀wé ló fi ránṣẹ́.

Ọgbọ́n náà ò ràn án. Ní 1929, wọ́n dìde sí Zamyatin àti òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Boris Pilnyak, tí ìwé tirẹ̀ jáde ní Berlin. Wọ́n pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Zamyatin fi ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀. Eré rẹ̀ kúrò lórí ìtàgé, ilé ìtẹ̀wé kankan ò gba iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ní 1931, ó kọ lẹ́tà sí Stalin fúnra rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kóun lọ sókè òkun, torí pé fún òǹkọ̀wé, kí wọ́n ní kó má kọ̀wé mọ́, ikú ni. Maxim Gorky bá a bẹ̀bẹ̀. Stalin gbà. Zamyatin lọ, ó kú sí Paris ní 1937. Odindi ìwé rẹ̀ ní èdè tó fi kọ ọ́ ò jáde títí di 1952, ní New York. Kò fojú rí i.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí. A sábà máa ń sọ̀rọ̀ pípín ìwé bíi pé oore lásán ni. Àwọn tó tẹ "Àwa" ní Prague náà, oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n Prague ni wọ́n wà. Leningrad ni Zamyatin wà. Àwọn ló pín in, òun ló jìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí wọn ò bá pín in, bóyá ìwé náà ì bá ti kú sínú dúrọ́ọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni òótọ́, a ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ọ̀kan gbàgbé èkejì.

Ìwé kan lọ, ìwé míì bọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, òǹkọ̀wé kan ní London, George Orwell, kọ lẹ́tà sí ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Gleb Struve. Struve ti kọ ìwé nípa lítíréṣọ̀ Rọ́ṣíà, inú ìwé yẹn ni Orwell ti gbọ́ nípa "Àwa" fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sọ fún Struve pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wu òun, òun náà sì ń ṣe àkọsílẹ̀ fún ọ̀kan. Ó wá ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Ìtumọ̀ Faransé rẹ̀ ló wá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1946, ó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Tribune, ó ní ó yà òun lẹ́nu pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tíì jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù Òkúdu ọdún 1949, ìwé tirẹ̀ jáde: 1984. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ohun tó mú nínú ti Zamyatin ṣe pọ̀ tó. Àwa ò ní parí ìjà yẹn fún wọn. Ohun tó dájú ni pé ìwé tí wọ́n fòfin dè ní Rọ́ṣíà rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi kan ọkùnrin kan ní London, ọkùnrin yẹn sì kọ ìwé kan tó padà rìn, láti ọwọ́ dé ọwọ́, lọ sí Rọ́ṣíà.

Nínú 1984, Ọ̀gá Ńlá ló ń ṣọ́ gbogbo èèyàn. Winston Smith, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yí ìwé ìròyìn àná padà kó lè bá irọ́ tòní mu. Ó wá ìwé kan tí ìjọba ò fẹ́ kéèyàn rí. O'Brien, ẹni tó fọkàn tán, ló ṣètò bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Winston kà á pẹ̀lú ayọ̀. Ìgbà tí wọ́n mú un tán ló wá mọ̀ pé O'Brien wà lára àwọn tó kọ ìwé náà. Ìdẹkùn ni.

Ẹ kíyè sí i. Nínú "Àwa", ẹni tó ka ìwé lọ́wọ́ ẹ ló máa tú ẹ fó. Nínú 1984, ẹni tó fún ẹ níwé ló máa mú ẹ. Ìwé méjèèjì ń sọ ohun kan náà fún wa: tí ìjọba bá burú dé góńgó, kò ní sí ẹni méjì tó lè gbára lé ara wọn mọ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀, ìjọba wọ̀nyí sì mọ bí wọ́n ṣe ń la ògiri lẹ́nu. Àwọn tó ka ìwé méjèèjì níkọ̀kọ̀ rí ìkìlọ̀ yìí kedere. Wọ́n kà á tán. Wọ́n sì tún gbé e fún ẹlòmíì.

Tàìpúráítà, kábọ́ọ̀nù àti òru kan ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ kan gbajúmọ̀ ní Rọ́ṣíà nígbà yẹn: samizdat. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò le, ohun téèyàn tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ ni. Ìjọba ló ni gbogbo ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì díẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ohun tó kù fún aráàlú ni tàìpúráítà.

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ẹni tó bá fẹ́ da ìwé kọ á to bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léra, á fi kábọ́ọ̀nù sáàárín wọn, á wá máa fi agbára lu bọ́tìnnì kí lẹ́tà lè wọ ìsàlẹ̀. Ìlà á fún mọ́ ìlà, kò ní sí àyè létí ìwé, kí bébà má bàa ṣòfò. Ẹ̀dà òkè á dúdú dáadáa, tìsàlẹ̀ pátápátá á ti ṣá débi pé ojú á máa ro ẹni tó ń kà á. Àwọn míì ò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rárá. Kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ya ìwé tí wọ́n yọ́ mú wọlé láti òkè òkun, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n á fọ fọ́tò náà nílé, odindi ìwé á sì di páálí fọ́tò kan.

Àdéhùn tó wà láàárín àwọn tó ń kà á rọrùn láti sọ. Mo yá ẹ ní òru kan. Ìwọ àti ará ilé ẹ á jókòó yí tábìlì ká: ẹni tó bá ka ojú ìwé kan tán á tì í sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó o bá ní tàìpúráítà, o lè da tìẹ kọ, ṣùgbọ́n wàá fún mi lára ẹ̀dà tó o bá ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kàwé náà ló ń tẹ̀wé, òun náà ló ń pín in. Àṣìṣe máa ń wọ̀ ọ́ o, ọ̀rọ̀ kan á fò, ìlà kan á sọnù, ẹni tó tẹ̀ lé e á sì da àṣìṣe náà kọ bó ṣe rí. Síbẹ̀, ìwé náà ń lọ.

Wọ́n ní àwàdà kan tí wọ́n máa ń ṣe nígbà yẹn. Ìyá àgbà kan jókòó ti tàìpúráítà, ó ń da War and Peace kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé ńlá Tolstoy tó kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní ọmọ-ọmọ òun ni, kì í ka ìwé tí kì í bá ṣe samizdat.

Ìwé Orwell wà lára ohun tó ń rìn báyìí, títí kan ti Zamyatin náà. Ní 1969, ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan ní Moscow, Andrei Amalrik, kọ àròkọ kan tó fi bi ìbéèrè pé, ṣé ìjọba Soviet yóò dé ọdún 1984? Ọdún yẹn kì í ṣe ọdún tó kàn ṣèèṣì mú. Ó mọ̀ pé àwọn tó máa ka àròkọ òun máa mọ ibi tí òun ti mú un. Ìwé Orwell kò sì sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní Rọ́ṣíà. Ọ̀rọ̀ Voronsky ọjọ́sí ló tún padà wá yìí: ìwé tí kò sí, tí gbogbo èèyàn ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Àwọn tó ń fòfin dè é náà ń kà á. Czesław Miłosz, akéwì ọmọ Pólàńdì tó sá kúrò nílé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ The Captive Mind ní 1953 pé àwọn kan láàárín àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ìjọba ti ka 1984, ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé ẹni tí kò gbé ilẹ̀ wọn rí mọ bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Iye tó ná wọn

Kì í ṣe eré. Òfin Rọ́ṣíà, abala 70, sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká ìwé tó tako ìjọba mọ́ lọ́wọ́, tó sì ń pín in, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7, kí wọ́n tún fi ọdún 5 lé e kúrò nílùú. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1966, wọ́n ṣe ẹjọ́ Andrei Sinyavsky àti Yuli Daniel. Daniel ti kọ ìtàn ayé àkámọ́ tirẹ̀, nípa ìjọba kan tó kéde lórí rédíò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aráàlú lè pa ara wọn láìsí ìjìyà. Wọ́n ti yọ́ ìwé àwọn méjèèjì jáde lọ sókè òkun. Sinyavsky gba ọdún 7, Daniel gba ọdún 5. Amalrik náà gba ọdún 3 ní 1970. Ní Jámánì Ìlà Oòrùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ sẹ́wọ̀n tó ju ọdún 3 lọ, ìwé 1984 tí ọ̀rẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí i láti Ìwọ̀ Oòrùn sì wà lára ohun tó fa ẹjọ́ náà.

Èyí tó dùn wá jù ni ti Elizaveta Voronyanskaya. Ìwé tó ń bá Aleksandr Solzhenitsyn tẹ̀ ní tàìpúráítà, The Gulag Archipelago, kì í ṣe ìtàn àròsọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ gidi ni. Solzhenitsyn ní kó sun ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè sun ún, ó fi pa mọ́. Ní oṣù Ògún ọdún 1973, àwọn ọlọ́pàá inú ti ìjọba, KGB, mú un, wọ́n da ìbéèrè bò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì jẹ́wọ́ ibi tó fi ìwé pa mọ́ sí. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n bá a níbi tó ti fi okùn gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dà bíi pé akọni nìkan ló wà nínú ìtàn yìí. Ọ̀pọ̀ ló bẹ̀rù, àwọn kan tú àṣírí, àwọn kan tú àṣírí torí pé ara ò gba ìyà mọ́. Ohun tí Zamyatin àti Orwell sọ kì í ṣe irọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ ni, ìwé yẹn ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹnì kìíní.

Ní Pólàńdì, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti tàìpúráítà. Ìtumọ̀ 1984 sí èdè wọn ti jáde ní Faransé láti 1953, láti ilé iṣẹ́ Instytut Literacki tí Jerzy Giedroyc dá sílẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ń yọ́ ọ wọlé. Ní 1977, Mirosław Chojecki àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ìtẹ̀wé abẹ́lẹ̀ kan sílẹ̀, NOWa. Inú ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń tẹ̀wé. Nígbà tí tàdáwà wọ́n, ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ nǹkan ni wọ́n ń pò mọ́ àwọ̀ láti fi ṣe é. Ìwé Orwell wà lára ohun tí wọ́n tẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ni wọ́n sì lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

A ò ní fi apá kan pa mọ́ fún yín. Owó Amẹ́ríkà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti àwọn ọdún 1950 títí di 1991, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, CIA, ń fi ìkọ̀kọ̀ náwó sí ètò tó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí. Àwọn onímọ̀ ìtàn ní ìwé náà á tó mílíọ̀nù 10. Kì í ṣe ìfẹ́ lítíréṣọ̀ ló mú CIA ṣe é, ohun tí wọ́n ń wá yé wọn. Àwọn kan máa ń fi èyí sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òyìnbó. A ò gbà. Owó lè gbé ìwé dé ẹnubodè, kó gbé e dé inú àpótí ẹrù. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé orí tábìlì ẹnì kan ní Warsaw lóru, owó ò mọ ọ̀nà. Ẹni tó mọ̀ ẹ́, tó sì gbà pé o ò ní ta òun, ló mọ̀ ọ́n.

Wọ́n dé ilé

Ní 1988, ìwé àtìgbàdégbà Znamya tẹ "Àwa" jáde ní Moscow. Ní 1989, Novy Mir tẹ 1984. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ìjọba Soviet fúnra rẹ̀ tú ká. A ò ní sọ pé ìwé ló tú u ká, torí ebi wà níbẹ̀, ogun Afghanistan wà níbẹ̀, gbèsè wà níbẹ̀. Ohun tá a lè sọ ni pé nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀, àwọn kan ti wà níbẹ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọkàn tán ara wọn, ìwé ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwa tá à ń gbé fóònù rìn. Lónìí, odindi ìwé 1984 lè dé orí WhatsApp ẹ kó o tó mu omi tán. Kò sí kábọ́ọ̀nù, kò sí òru kan ṣoṣo, kò sí abala 70. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ànjọ̀fẹ́: a gbà á, a taari rẹ̀ sínú gúrúùpù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ wa ò sì ṣí i wò. Àwọn kan máa ń fi ìtàn samizdat gbe ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ń pín PDF ìwé tuntun tí òǹkọ̀wé ń tà. Wọ́n ní bí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe ṣe nìyẹn. Rárá o. Àwọn tó ń da "Àwa" kọ, ìwé tí kò sẹ́ni tó lè rà ni wọ́n ń dà kọ, ẹni tó pín in ló ń fi ọrùn ara rẹ̀ san owó rẹ̀. Tá a bá taari ìwé ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan tó ṣì wà lọ́jà, àwa kọ́ la ń sanwó. Òun ló ń san án.

Ìbéèrè tí Slonim bi ara rẹ̀ ní Prague ní 1927 ṣì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pín ìwé: ta ló máa san owó rẹ̀? Ó bi ara rẹ̀, ó gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó bi ara rẹ̀.

Nínú ìwé Zamyatin, "àwa" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa "èmi". Àwọn tó jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń ti ojú ìwé kọjá síra wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, "àwa" làwọn náà. Kálukú wọn ní orúkọ, kálukú ló mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí òun, kálukú ló sì yàn án fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "àwa" méjèèjì nìyẹn.

Ẹ wá ìwé méjèèjì kà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti Zamyatin, kò gùn. Tẹ́ ẹ bá lè rà á, ẹ rà á. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ má fi sórí pẹpẹ kó máa gba eruku. Ẹ ronú kan ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó kà á, kẹ́ ẹ sì gbé e fún un lọ́wọ́.